Mẹ́rin ló kù, ìbò di méjì sí méjì: ta ló yẹ kó kú nínú eré ìkookò?

Ojú_Inú

Ẹ̀yin àgbà eré, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí kí ọ̀rẹ́ má baà di ọ̀tá. Fún ẹni tí kò bá mọ eré náà: káàdì ìkọ̀kọ̀ ló ń sọ ipò oníkálukú. Lóru, gbogbo èrò á dijú, ìkookò á lajú yan ẹni tí wọ́n máa pa, aríran á bi adarí bóyá ẹnì kan jẹ́ ìkookò, oníṣègùn á yan ẹni tó máa dáàbò bò. Bílẹ̀ bá mọ́, gbogbo èrò á dìbò pa ẹni tí wọ́n fura sí. Abúlé borí bí ìkookò bá tán, ìkookò borí bí iye wọn bá dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn yòókù.

Àwa mẹ́sàn-án la jókòó ta eré ìkookò, ẹnìkẹwàá wa ni adarí. Ìkookò méjì, aríran kan, oníṣègùn kan, ará abúlé lásán làwọn márùn-ún yòókù. Lóru àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó kú, oníṣègùn ti dáàbò bo ẹni tí wọ́n lọ bá. Bílẹ̀ ṣe mọ́, a dìbò pa ará abúlé kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Lóru kejì, wọ́n pa aríran. Lọ́jọ́ kejì, a mú ìkookò kan. Lóru kẹta, ẹnì kan lọ. Lọ́jọ́ kẹta, a tún ṣi ènìyàn pa. Lóru kẹta yẹn oníṣègùn ti dáàbò bo ara rẹ̀, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lóru kẹrin, àṣé òun gan-an ni ìkookò ń bọ̀ wá bá. Ló bá ku ènìyàn mẹ́rin. Wọ́n dìbò, ó di méjì sí méjì. Adarí ní kò sẹ́ni tó máa kú, kí gbogbo wọn dijú. Nígbà tílẹ̀ tún máa mọ́, mẹ́ta ló kù, wọ́n sì mú ìkookò tó ṣẹ́ kù. Abúlé borí.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìkookò yẹn ní a rẹ́ òun jẹ. Ó ní bí ìbò bá di ọ̀mì, ṣe ló yẹ ká tún un dì títí ẹnì kan á fi kú. Ó ní oníṣègùn kì í dáàbò bo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì léra. Ó tún ní òkú kan ń wúkọ́ lọ́jọ́ kejì, pé ikọ́ yẹn ló tú àṣírí ẹnìkejì òun. Títí di àárọ̀ yìí kò tíì kí adarí. Ta ló jàre?

Adarí_Àgbà

Ẹjọ́ yín ò le, ẹ̀yin fúnra yín lẹ fà á. Ẹ pín káàdì kẹ́ ẹ tó ṣòfin.

Kò sí ìwé òfin kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni lè fi nà yín. Dimitry Davidoff ló dá eré yìí sílẹ̀ ní 1986, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Ìjọba Moscow. Máfíà ló pè é. Ní 1997 ni Andrew Plotkin sọ Máfíà di ìkookò, tí ìlú sì di abúlé. Láti ẹnu dé ẹnu ló ṣe tàn káyé, ibi tó bá sì dé ni wọ́n ti ń fi tiwọn kún un. Ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ni òfin. Ohun tí ẹ ò bá sọ, adarí ló ni ín, a ò sì gbọdọ̀ bá a jà títí eré á fi parí. Lẹ́yìn náà, ẹ bá a jà bó ṣe wù yín.

Ní ti ọ̀mì, àwọn kan máa ń sọ pé kò sẹ́ni tó kú. Àwọn mìíràn á ní kí ẹni méjì tí ìbò wọn dọ́gba rojọ́ díẹ̀ sí i, kí wọ́n tún ìbò dì láàárín àwọn méjèèjì nìkan. Èmi máa ń lo èyí kejì, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó bá tún dọ́gba, kò sẹ́ni tó kú, ẹ lọ sùn. Kí ẹnì kan ní ká máa dìbò títí ilẹ̀ fi máa mọ́ lóòótọ́, èyí tí ìkookò yín ń bèèrè, ìyẹn kì í ṣe eré mọ́. Nítorí náà adarí yín kò ṣẹ̀.

Oníṣègùn ńkọ́? Ibi tí mo ti ń darí, kò lè dáàbò bo ẹnì kan náà lóru méjì léra, ì báà jẹ́ ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì lè dáàbò bo ara rẹ̀ nínú eré. Bí ẹ ò bá fi gbèdéke sí i, ọ̀lẹ oníṣègùn á kàn jókòó ti ara rẹ̀ títí láé. Àmọ́ ẹ ò sọ ọ́ ṣáájú, ẹnu yín ò gbà á báyìí.

Ti ikọ́ nìkan ni mo rí tó wúwo. Òkú kì í wúkọ́.

Tuntun

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan kékeré. Among Us, eré orí kọ̀ǹpútà, ni mo ti mọ irú eré yìí. Níbẹ̀, bí ìbò bá dọ́gba, wọn kì í ju ẹnikẹ́ni síta, a sì lè tẹ ibi tá a ti máa fo ìbò. Àwọn òkú máa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìkan, alààyè ò ní rí i. Mo rò pé bó ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn.

Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí eré fi máa ń parí nígbà tí ẹni ibi àti ẹni rere bá dọ́gba. Wọn ò kúkú tíì pa gbogbo wa tán.

Adarí_Àgbà

Among Us (2018 ló jáde o, ọdún 2020 ló wá gbòde) ní kọ̀ǹpútà tó ń sé òkú mọ́. Tiwa, ojú àti ẹnu la fi ń ṣe é, òkú sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ó ń rí gbogbo nǹkan.

Wo ó báyìí: ìkookò méjì, ará abúlé méjì. Ẹ dìbò. Àwọn ìkookò mọ ara wọn, wọn ò ní dìbò lu ara wọn. Bó bá dára fún yín, ọ̀mì ni, kò sẹ́ni tó kú. Ilẹ̀ ṣú, wọ́n pa ọ̀kan, ó wá ku méjì sí ọ̀kan. Ọ̀nà wo ni ẹ fẹ́ gbà borí? Kò sí. Adarí kàn ń gba gbogbo yín lọ́wọ́ àfiṣòfò àkókò ni. Àfi tí ọdẹ bá ṣì wà láàyè, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ń kú lọ á yìnbọn pa ẹnì kan mọ́ ara rẹ̀. Bí ọdẹ bá wà níbẹ̀, èmi kì í tètè fọn fèrè.

Oníṣirò

Ẹ ti gbàgbé ìbéèrè tó wà nínú àkòrí. Mẹ́rin ló kù, ìkookò kan, ará abúlé mẹ́ta. Ta ló yẹ kó kú? Ìdáhùn tèmi ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kú. Adarí yín ṣe yín lóore láìmọ̀.

Ká ní ẹ ò mọ nǹkan kan rárá, ẹ kàn ń fọwọ́ bọ àpò mú ènìyàn. Bí ẹ bá dìbò nígbà tẹ́ ẹ jẹ́ mẹ́rin, nínú ìgbà mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa bá ìkookò. Bí ẹ bá ṣì í, ó ku mẹ́ta, ilẹ̀ ṣú, ó ku méjì, ìkookò kan ará abúlé kan, ó tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fo ìbò ọjọ́ yẹn, ìkookò á pa ọ̀kan lóru, ẹ ó ku mẹ́ta, ẹ wá dìbò. Nínú ìgbà mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa bá a. Ìbò kan náà lẹ ní ní ọ̀nà méjèèjì. Èyí tí ẹ máa fi àárín ènìyàn mẹ́ta dì dára ju èyí tí ẹ máa fi àárín mẹ́rin dì lọ.

Bẹ́ ẹ bá jí tí ẹ jẹ́ mẹ́fà, tí ìkookò sì jẹ́ méjì, ìṣirò kan náà ni. Ẹ ṣì í lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti kú. Ẹ fò ó, ẹ di márùn-ún, ẹ ṣì í lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti kú. Kò sí àdánù nínú fífo ìbò nígbà tí iye àwọn tó jí bá ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Nígbà tí kò bá ṣeé pín, bíi márùn-ún tàbí méje, ẹ má fò ó, torí ìbò gidi lẹ ń sọ nù yẹn.

Nǹkan kan tún wà tí ẹ ò fura sí. Ẹ jẹ́ mẹ́sàn-án. Ká ní ẹnì kan kú lóru àkọ́kọ́, mẹ́jọ lẹ ó jí. Mẹ́jọ pẹ̀lú ìkookò méjì, àṣìṣe kan péré lẹ lè ṣe, ìkejì ló máa pa yín. Oníṣègùn yín gba ẹnì kan là, ẹ jí ní mẹ́sàn-án, àṣìṣe tí ẹ lè ṣe di méjì. Ẹ sì ṣe méjèèjì! Ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni oníṣègùn yẹn, kì í ṣe ẹni tó ń wúkọ́.

Ìkookò_Jẹ́jẹ́

Ọ̀gá Oníṣirò, irú yín ni mo fẹ́ràn láti bá ṣeré. Ẹ rò pé ọmọ ayò ni àwa ìkookò ń pa lóru, ọmọ ayò kan ò sì yàtọ̀ sí èkejì. Bí ẹ bá fún mi ní òru kan lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí a ku mẹ́rin, mi ò ní fọwọ́ bọ àpò. Ẹni tí gbogbo yín gbẹ́kẹ̀ lé ni mo máa pa. Àwọn méjì tó ti ń fura síra wọn láti àárọ̀ ni mo máa fi sílẹ̀. Bílẹ̀ bá mọ́, ìjà ti ń lọ láàárín wọn kí n tó la ẹnu. Tèmi ni kí n yan èyí tí mo máa bá dìbò.

Mi ò ní ìṣirò yẹn ò dára o. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ ti ní ẹnì kan tí ọkàn yín mú dáadáa nígbà tẹ́ ẹ jẹ́ mẹ́rin, ẹ pa á níbẹ̀.

Oníṣirò

Mo gbà. Ìgbà tí ẹ ò bá mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni ọ̀rọ̀ mi wà fún. Mo tún fẹ́ fi kún un pé ẹ má fo ìbò ọjọ́ àkọ́kọ́ nítorí ohun tí mo sọ. Ìbò ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ máa padà wò lọ́jọ́ kẹta láti mọ ẹni tó ń gbe ẹni lẹ́yìn. Bí kò bá sí ìbò, afẹ́fẹ́ lásán lẹ ó máa jiyàn lé.

Akọ̀wé_Ìbò

Ibi tí mo ń dúró dè nìyẹn. Ẹ mú bébà dání! Ẹ kọ ẹni tó dìbò fún ta, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ bó ṣe tẹ̀ léra. Kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ fẹ̀sùn kanni ni mo máa ń wò, ẹni tó wọlé sí ẹjọ́ náà kẹ́yìn ni, nígbà tó ti rí i pé ẹni yẹn ti ń lọ. Lóòótọ́ ìkookò gidi a máa dìbò lu ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá ti mọ̀ pé kò sí ọ̀nà àbáyọ, kó lè fi iyẹn ṣe ẹ̀rí pé ọmọlúàbí lòun. Àmọ́ irú ìbò bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ dé, ẹ̀bi rẹ̀ sì máa ń wà nínú pípẹ́ yẹn.

Àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Lójú tèmi, ẹ pè é lórúkọ, ẹ ní kó dárúkọ ẹni méjì tó fura sí, kó sì sọ ìdí. Ẹ má kàn pa á torí pé ó dákẹ́, ojú ló ń ti àwọn ẹlòmíì.

Ojú_Inú, ẹ ò sọ bí aríran yín ṣe kú fún wa.

Ojú_Inú

Èmi ni aríran náà. Lóru àkọ́kọ́ mo wo ẹnì kan, adarí mi orí pé kì í ṣe ìkookò. Bílẹ̀ ṣe mọ́ báyìí ni mo ṣí káàdì mi sílẹ̀ gbalaja, mo ní èmi ni aríran, lágbájá sì mọ́. Mo rò pé oníṣègùn á dáàbò bò mí. Ẹlòmíì ló lọ dáàbò bò. Ohun tó dùn mí jù ni pé lóru kejì tí mo kú yẹn, mo ti wo ìkookò gan-an. Adarí gbé orí sókè sí mi. Nígbà tí mo máa lajú, mo ti di òkú.

Adarí_Àgbà

Ẹ ṣí káàdì sílẹ̀! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹnu la fi ń pe ara ẹni ní aríran, a kì í fi káàdì hàn nígbà tí a bá wà láàyè. Bí ẹnikẹ́ni bá lè ṣí káàdì, ará abúlé gbogbo á ṣí tiwọn, ẹni tí kò bá ṣí ni ìkookò, eré parí ní ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mí ọmọ tàbí òbí búra pé òun kì í ṣe ìkookò. Ẹlòmíì ò lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ parọ́ láyé, ẹ ti gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ìkookò_Jẹ́jẹ́

Ẹ gbọ́ látẹnu ẹni tó ń pa aríran. Bójú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Ẹni mímọ́ kan tí o rí kò tó ohun tí o fi ń ta ẹ̀mí rẹ. Jáde bí o bá ti rí ìkookò, tàbí bí wọ́n bá ti fẹ́ dìbò pa ìwọ fúnra rẹ, tàbí bó bá ti ku àṣìṣe kan kí abúlé pa run. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, jókòó pẹ̀lú àwọn ará abúlé kí o máa pariwo bíi tiwọn.

Ṣùgbọ́n fi àmì sílẹ̀. Aríran kan wà tó pa mí láti inú sàréè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó kàn sọ pé, "Ẹ fi ẹni tó wà lápá ọ̀tún mi yìí sílẹ̀, mi ò lè dìbò fún un lónìí." Kò sẹ́ni tó fiyè sí i. Lọ́jọ́ kejì ó ní, "Ẹni tó ń fi ìka lu orúnkún yẹn ò jẹ́ kí n sinmi." Èmi ni mò ń fi ìka lu orúnkún. Mo pa á lóru ọjọ́ náà, inú mi dùn. Nígbà tí adarí ṣí káàdì rẹ̀ láàárọ̀, gbogbo wọn yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ìka mi ṣì wà lórí orúnkún.

Tuntun

Bí ẹni méjì bá wá jáde pé àwọn ni aríran ńkọ́?

Ìkookò_Jẹ́jẹ́

Ọ̀kan nínú wọn lè jẹ́ èmi. Tí aríran bá jáde, mo máa ń ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú kí n tó sọ̀rọ̀. Bí mo bá yára jù, wọ́n á ní mo ti múra sílẹ̀. Bí mo bá pẹ́ jù, wọ́n á ní mò ń wá irọ́. Lẹ́yìn náà màá kàn rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀, màá ní, "Èmi ni mo ni káàdì yẹn o."

Oníṣirò

Ẹ̀yin ará abúlé, ẹ má bẹ̀rù ẹni méjì. Ẹ̀bùn ni. Bó bá jẹ́ pé aríran kan ló wà, òpùrọ́ wà nínú àwọn méjèèjì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan kó jẹ́ ìkookò. Ká ní mẹ́jọ lẹ jí. Ẹ pa ọ̀kan. Bó bá jẹ́ aríran tòótọ́ ni ẹ pa, ó dunni, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ ìkookò kan dájú, ẹ pa á lọ́jọ́ kejì. Ẹ ó jí ní mẹ́rin lọ́jọ́ kẹta, ìkookò kan, ará abúlé mẹ́ta. Ẹ sì ti mọ ohun tí mo ní kí ẹ ṣe bẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́rin.

Ohun tó ń ba ìṣirò yìí jẹ́ ni ará abúlé tó ń parọ́ pé òun ni aríran kí ìkookò lè pa òun dípò aríran gidi. Ó jọ akíkanjú. Nínú tábìlì tí ẹ ò ti mọ ara yín dáadáa, ó máa ń da gbogbo nǹkan rú.

Ẹ tún ń béèrè iye ìkookò tó yẹ níbòmíì lórí pátákó yìí. Àwọn onímọ̀ ìṣirò mẹ́ta, Braverman, Etesami àti Mossel, ti gbé e yẹ̀ wò, iṣẹ́ wọn jáde ní 2008. Bí kò bá sí aríran, iye ìkookò kì í bá iye èrò dàgbà pọ̀ lọ́gbọọgba. Bí èrò bá di ìlọ́po mẹ́rin, ìlọ́po méjì ìkookò ti tó kí agbára fi dọ́gba. Ìkookò díẹ̀ ní agbára ju bí a ṣe rò lọ. Bí aríran bá wọ inú eré, ọ̀rọ̀ yí padà, ìkookò gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i kó tó lè bá abúlé figagbága.

Adarí_Àgbà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó ń darí díẹ̀, torí òun ni wọ́n kì í kọ́. Lóru, ẹ má dúró sójú kan. Bí ẹ bá ń pe aríran lójú kan náà tí ẹ kọjú sí i, ohùn yín á tú u fó. Èmi máa ń rìn yí ká, mo sì máa ń ní kí gbogbo èrò máa fi ọwọ́ lu itan wọn jẹ́jẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ìró aṣọ ẹni tó ń nawọ́. Bí ẹ kì í bá ṣí káàdì òkú, ẹ máa pe aríran àti oníṣègùn lóru kódà bí wọ́n ti kú, kẹ́ ẹ sì dúró díẹ̀ bí ẹni pé ẹ ń wo ìdáhùn.

Ojú_Inú, ó ku ọ̀rọ̀ ikọ́. Ta ni òkú náà?

Ojú_Inú

Hmm.

Èmi ni. Ẹ wò ó, ní ọjọ́ kejì mo ti mọ ìkookò, ẹnu mi sì ti dí. Wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Nígbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun kàn hán mi. Mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bóyá mo wò ó lójú díẹ̀ náà.

Adarí_Àgbà

Ẹ padà lọ bẹ ìkookò yín. Lórí ọ̀mì, kò jàre. Lórí oníṣègùn, kò jàre, torí ẹ ò ṣòfin. Lórí ikọ́, ó jàre pátápátá. Ká ní èmi ni mò ń darí, màá fagi lé ìbò ọjọ́ kejì yẹn, màá sì ní kí ilẹ̀ ṣú.

Akọ̀wé_Ìbò

Mo fara mọ́ ọn. Kí òkú máa kúrò láàárín àwọn alààyè. Bí ẹ bá fẹ́ kó sọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan nígbà tí ìbò bá pa á, kì í ṣe nígbà tí ìkookò bá pa á, torí ẹni tí wọ́n pa lóru ti lè mọ ohun tí kò yẹ kó sọ mọ́.

Ojú_Inú

Mo ti pè é. Ó kọ́kọ́ pa fóònù mọ́ mi létí, ó wá padà pè. A ti kọ òfin sílẹ̀: bí ìbò bá di ọ̀mì, a ó tún un dì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tó kú. Oníṣègùn lè dáàbò bo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí káàdì ṣíṣí, kò sí ìbúra. Ó ní òun máa wá lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, àfi bí mo bá gbà pé bí mo bá kú, yàrá kejì ni màá lọ jókòó sí, kí ilẹ̀kùn sì wà ní títì.

Mo ti gbà.